Ìyapa Inú Ìjọ Onígbàgbọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá: Kí Ló Fà Á, Kí Ló sì Kàn Wá?

  



Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́dún yìí, àwọn kan bi mí pé kí ló kan àáfà nínú ìjà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàn wá púpọ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, ní Ìsẹ̀, ní Ẹ̀mùré, ilé wo ló wà tí ẹ̀sìn kan ṣoṣo ń bẹ? Bí bàbá àgbà kan bá kú, ọmọ rẹ̀ kan á jẹ́ Mùsùlùmí, ọ̀kan á jẹ́ Àgùdà, ọ̀kan á wà ní CAC, aya àbíkẹ́yìn á sì wọ aṣọ funfun dé pẹ̀lú àwọn Kérúbù. Gbogbo wọn ni yóò jókòó yí òkú kan ká. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó pín àwọn aládùúgbò rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, kò lè mọ bí yóò ṣe bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìdí kejì ni wáàsí tiwa. Bí ààwẹ̀ bá ti dé, ẹ ó gbọ́ oníwáàsí tí yóò gbé gbohùngbohùn, tí yóò máa ka pátákó ṣọ́ọ̀ṣì láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Adó, tí yóò wá sọ pé ẹ̀sìn tó bá fọ́ tó báyìí, irọ́ ni. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á náwó fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìtàn á rí i pé oníwáàsí yìí kò tíì béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́, èyíinì ni pé: orí kí ni wọ́n jà lé?

Àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ béèrè rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ kéú mọ orúkọ Ash-Shahrastani tó kú ní 1153. Nínú Al-Milal wan-Nihal, ó ka àwọn Nàsárà sí ọ̀nà ńlá mẹ́ta, Malkaniyya, Nasturiyya àti Ya‘qubiyya, ó sì ṣàlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà gbọ́ láìbú ẹnikẹ́ni kó tó dá a lóhùn. Ní ayé ìgbà náà, ipò Ànábì Ísá ni wọ́n ń jà lé lórí. Ìpàdé Nicaea ní 325 àti ti Chalcedon ní 451, ọ̀rọ̀ yìí ni. Àwọn ará Íjíbítì àti ti Etiópíà kò gba ìpinnu ti Chalcedon. Ara wọn ni Najashi wà, ọba tó gba àwọn Mùsùlùmí tó sá kúrò ní Mẹ́kà ní nǹkan bí 615. Nígbà tí Amr ọmọ Al-As sì gba Íjíbítì ní nǹkan bí 641, ó bá Benjamin, olórí ìjọ àwọn Kibtí, nínú ìsápamọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń sá kiri, nítorí pé àwọn onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Constantinople ń lé e. Amr ló fún un ní ìwé ìfọ̀kànbalẹ̀ tó fi padà sórí àga rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn oníwáàsí wa máa rántí ìyẹn náà.

N kò ní pẹ́ lórí ti ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1054, Róòmù àti Constantinople yara wọn. Ní 1517, Martin Luther gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1534, ọba Gẹ̀ẹ́sì, Henry Kẹjọ, sọ ara rẹ̀ di olórí ìjọ ilẹ̀ rẹ̀. Láti inú ìjọ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni ti Wesley tún ti yọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere yóò fi dé Àgbádárìgì ní 1842, wọ́n ti pín kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé, ti CMS dé tẹ̀ lé e nínú ọdún kan náà. Onítẹ̀bọmi dé ní 1850. Àgùdà tẹ̀ lé wọn. Ìjà tí kì í ṣe tiwa ni wọ́n kó wá fún baba wa.

Ẹ tiẹ̀ wo ti Onítẹ̀bọmi. Ní 1845, àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Àwọn ti Gúúsù ní kò sí ohun tó burú nínú kí ajíhìnrere ní ẹrú nílé, àwọn ti Àríwá kò gbà. Àwọn ti Gúúsù yìí gan-an ló rán Thomas Bowen wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú náà lọ! N kò gbọ́ kí oníwáàsí kan mẹ́nu ba èyí rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn ronú sí ni.

Ibi tí ìyapa ti di ti àwa fúnra wa ni ọ̀rọ̀ Samuel Ajayi Crowther. Ọmọ Òṣoogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí Freetown. Ní 1864, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ odò Ọya. Èèyàn dúdú ni gbogbo àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ṣe, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé láti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, pé àwọn òṣìṣẹ́ Crowther ń ṣòwò, ìwà wọn kò sì mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, wọ́n ṣe ìpàdé ní Onitsha, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá a wí níwájú ìgbìmọ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, èèyàn dúdú kò kọjá igbákejì bíṣọ́ọ̀bù mọ́, irú ipò tí wọ́n fún Isaac Oluwole àti Charles Phillips ní 1893. Phillips yìí ló jókòó sí Òǹdó, tí iṣẹ́ ìjọ CMS ní Èkìtì sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn òṣìṣẹ́ Crowther ni irọ́. Àwọn kan nínú wọn ṣe ohun tí kò dára. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ lé olè kúrò lóko, ṣé olóko la ó lé?

Àwọn Onítẹ̀bọmi ti ṣí ọ̀nà ṣáájú. Ní 1888, òyìnbó tó jẹ́ olórí wọn ní Èkó, W. J. David, lé Moses Ladejo Stone kúrò nínú iṣẹ́ pásítọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ bá Stone lọ, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Lára wọn ni David Brown Vincent wà, ẹni tó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ ní 1894 tó di Mojola Agbebi, tó sì ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ níbi gbogbo tó bá lọ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi etí sí, torí ó kan Islam. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Edward Wilmot Blyden, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní erékùṣù St. Thomas ní 1832, tó wá gbé ní Liberia. Pásítọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Lárúbáwá, ó sì kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Lárúbáwá. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1887, ó sọ pé Islam bu iyì fún èèyàn dúdú ju bí àwọn òyìnbó ajíhìnrere ti ṣe lọ: kò ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ìṣesí ilé baba rẹ̀ kó tó ka ara rẹ̀ sí èèyàn. Blyden wá sí Èkó lápá òpin 1890, ó sì gba àwọn onígbàgbọ́ níyànjú pé kí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1891, àwọn kan pàdé, wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀. Ọkùnrin kan náà tún wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí mọ́sáláṣí Shitta Bey ní Èkó ní oṣù keje ọdún 1894, ọjọ́ tí Abdullah Quilliam wá láti Liverpool gẹ́gẹ́ bí aṣojú Sùtánì ilẹ̀ Tọ́kì. Ẹ rí i pé ojú tí àwọn onígbàgbọ́ Èkó fi ń wo Mùsùlùmí tó ń kírun pẹ̀lú lèmọ́mù ọmọ ìbílẹ̀ wà lára ohun tó mú wọn béèrè pé, àwa ńkọ́?

Ti African Church tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 1901. James Johnson ni pásítọ̀ St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó. Wọ́n fi í jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900. Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell wá ní kó kúrò nílé ìjọ náà, òun fẹ́ fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Bí ó ṣe bá Johnson sọ̀rọ̀ lójú ìjọ bí àwọn ará ìjọ nínú, àwọn tó pọ̀ jù sì jáde. J. K. Coker, àgbẹ̀ kòkó ńlá ní Agége, wà nínú àwọn aṣíwájú wọn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Johnson tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde kò bá wọn jáde. Inú ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ló kú sí ní 1917.

Ọ̀rọ̀ aya wá wọ̀ ọ́. Johnson fúnra rẹ̀ kórìíra kí ọkùnrin fẹ́ ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó jáde nítorí rẹ̀ gba aláya púpọ̀ láàyè. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbáyé ti pàdé ní Lambeth ní 1888, wọ́n ní kí a má ṣe rì ẹni tó ní aya púpọ̀ bọmi. Àwọn ìyàwó rẹ̀, a lè rì wọ́n bọmi nígbà mìíràn. Ẹ wo ilé tí ìyàwó mẹ́ta ń gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, tí ọkọ tó gbé wọn dúró sì jókòó síta! Ní 1917, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Èkó fi ìyà jẹ àwọn àgbà ìjọ tó ní aya púpọ̀. Wọ́n kó ara wọn jáde, wọ́n dá United African Methodist Church sílẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Ẹlẹ́ja. Lambeth kan náà tún ìpinnu yẹn gbé yẹ̀ wò ní 1988, wọ́n ní a lè rì irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bọmi bó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ sí i. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, baba ńlá mélòó ló wá sí mọ́sáláṣí nítorí pé ilẹ̀kùn ibòmíràn tì? Mo bẹ̀ yín, kí a má fi ìyẹn yangàn jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wá nítorí aya mẹ́rin ló dúró nítorí ìrun márùn-ún.

Títí dé ibí yìí, Èkó ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Èkìtì, àìsàn ló bí i. Ní 1918, àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tó pa èèyàn káyé dé ilẹ̀ wa. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ilé ìwòsàn, oògùn òyìnbó kò ràn án. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, J. B. Sadare, àgbà ìjọ St. Saviour's, kó àwọn kan jọ fún àdúrà. Wọ́n di ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Precious Stone. Wọ́n ní àwọn kò ní lo oògùn mọ́, àwọn kò sì ní rì ọmọ ọwọ́ bọmi mọ́. Ní 1922, ìjọ Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbà á, wọ́n jáde, wọ́n sì fara mọ́ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà.

Inú ìran yìí ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti yọ. Ará Odò-Ọwá ni, awakọ̀ katakata tó ń tẹ ọ̀nà ni ní Ilé-iṣẹ́ Òde. Ní 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, katakata náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ní òun gbọ́ ìpè. Ní oṣù keje 1930, ní Òkè-Ooyè l'Íléṣà, èrò wọ́ tọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè gbà á, ọba wọn sì tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn kó òrìṣà àti oògùn jáde, wọ́n sun wọ́n níná. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí nígbà tó kú ní 1959. Bí ẹ bá ń rí CAC káàkiri Èkìtì lónìí, tó fi dé abúlé oko, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ kò kọ́kọ́ wá ìjíròrò lórí Mẹ́talọ́kan. Ọmọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Ìjọba ń fura sí wọn, torí náà wọ́n wá ààbò òyìnbó. Àwọn ti Apostolic Church dé láti Gẹ̀ẹ́sì ní 1931, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n rí àwọn òyìnbó náà tí wọ́n ń lo kuníìnì nítorí ibà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wàásù pé oògùn kò yẹ onígbàgbọ́! Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, láàárín 1939 sí 1941 wọ́n pín. Àwọn kan dúró ti òyìnbó, wọ́n ń jẹ́ Apostolic Church títí di òní. Babalọlá, Odubanjo àti Isaac Akinyele jáde, wọ́n forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Akinyele yìí ló di Olúbàdàn ní 1955. (Ti hàǹtú àti tírà tiwa, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.)

Ti Kérúbù àti Séráfù, ọmọ Ìkàrẹ́ ni Moses Orímọládé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọmọbìnrin kan, Abíọ́dún Akinṣọwọ́n, lọ wo ìwọ́de àwọn Àgùdà ní Èkó, ó rí ìran, ó sì dákú. Orímọládé ni wọ́n pè wá gbàdúrà fún un. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1929, bàbá àti ọmọbìnrin yìí pín. Ta ló dá a sílẹ̀? Ta ni olórí? Ẹgbẹ́ aládùúrà kan tún yọ kúrò lẹ́yìn bàbá ní 1930. Orímọládé kú ní 1933, ẹ̀ka sì ń yọ lára ẹ̀ka. Láti ara wọn ni Josiah Akíndayọ̀mí ti jáde tó fi dá Redeemed sílẹ̀ ní 1952. Ti Sẹ̀lẹ́ náà, tí Oshoffa bẹ̀rẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, kò dàrú títí tí Oshoffa fi kú ní 1985. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹjọ́ ta-ni-yóò-jẹ dé kóòtù, nígbà tí Bada tó rọ́pò rẹ̀ sì kú ní 2000, ó tún burú sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá dá oníwáàsí wa lóhùn. Nínú gbogbo èyí tí mo kà, láti 1888 títí di ti Sẹ̀lẹ́, èwo ni wọ́n jà lé lórí pé Ọlọ́hun ọ̀kan ni tàbí mẹ́ta? Kò sí. Ẹni tó ń jáde àti ẹni tó ń dúró, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ nípa Ànábì Ísá. Ìyàtọ̀ wa pẹ̀lú wọn lórí Tawhid dúró gbọn-in, a kò fi pamọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kọ pátákó sí ojú ọ̀nà Adó. Ohun tó pín wọn ni pé wọ́n fi àgbà wọ́lẹ̀, pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ aláya púpọ̀, pé àìsàn dé tí kò sí olùtọ́jú, pé olórí kú láìsọ ẹni tí yóò jẹ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló pọ̀ jù. Owó àti ilé ìjọ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé a rí ẹni tí yóò ka tiwa? L'Ékòó, láti nǹkan bí 1915, owó omi tí ìjọba fẹ́ gbà ló dá ìjà sílẹ̀ nínú mọ́sáláṣí àgbà. Lèmọ́mù gbè sẹ́yìn ìjọba, ọ̀pọ̀ jámáà kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ Lèmọ́mù àti ẹgbẹ́ Jámáà bá ara wọn dé kóòtù, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi kírun pọ̀. Àwọn Alálùkùránì ti yàgò ní tiwọn. Ahmadiyya tó dé ní 1916 pín ní nǹkan bí 1940, torí àṣẹ olórí tó wà ní India. Ní agbègbè wa níbí, mo ti jókòó nínú ìpẹ̀tù ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Yídì méjì ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ Iléyá. Mo bi wọ́n pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wo ló pín yín? Wọn kò rí ọ̀kan sọ. Láwàní ni, ilé wo ló kàn. Súratu Al-Imran, áyà 103, gbogbo wa la há a sórí, ọ̀pọ̀ nínú wa sì lè sọ tàfsíìrì rẹ̀ láìwo ìwé. Àwọn tó wà ní yídì méjèèjì náà há a sórí.

Ìyapa kan wà nínú èyí tí mo kà tó padà di ọ̀kan, òun ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ mọ́sáláṣí lọ wò. Àwọn Onítẹ̀bọmi tó jáde ní 1888 kò padà wá tọrọ àforíjì, àwọn òyìnbó náà kò ní kí wọ́n wó ilé ìjọ tí wọ́n kọ́. Ní 1914, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n pàdé, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó kó ìjọ tọ̀tún-tòsì pọ̀. Kálukú di ilé rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe ìpàdé pọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ ni Mojola Agbebi, ọ̀kan nínú àwọn tó jáde. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó pín ní 1976 lórí ìwé òfin tuntun àti oyè Pátíríákì náà rẹ́ ní 1990, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá. Ti yídì méjì tí mo sọ, ìpẹ̀tù ṣì ń lọ lọ́wọ́, a ó tún jókòó lẹ́yìn Iléyá, in sha Allah.